Géènì ńlá àti géènì kékeré lórí jíófóònù kan ṣoṣo: kí ló ń ba ìlà kékeré mi jẹ́?

Òkè_Mápó (Ìbàdàn), Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìfèsì. Lónìí, ọ̀ràn kan fà mí jáde.

Mo fọwọ́ ara mi ṣe sísímómítà kan, ẹ̀rọ tó ń gba mímì ilẹ̀ sílẹ̀. Jíófóònù 4.5 Hz ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn kọ́ìlì tó so rọ̀ lórí sípíríǹgì nínú òòfà: bí ilẹ̀ bá mì, òòfà á bá ilẹ̀ lọ, kọ́ìlì á fẹ́ dúró sí àyè rẹ̀, iná díẹ̀ á sì yọ. Kọ́ìlì náà jẹ́ 375 Ω. Bébà tó bá a wá ní 28.8 V ni yóò yọ bí ilẹ̀ bá ń sáré mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìnkùlé títí mo fi kan àpáta (n'Ìbàdàn, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì), mo fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo sì da garawa dé e lórí.

Ibi ìfọ́-òkúta kan wà tí kò tó kìlómítà kan àbọ̀ sí wa. Bí wọ́n bá yin dáínámáìtì lọ́sàn-án, fèrèsé wa máa ń dáhùn. Bí mo bá gbé géènì (ìlọ́po tí ẹ̀rọ fi ń sọ iná kékeré kọ́ìlì di ńlá) sí 500, mo ń rí ohun kéékèèké, títí kan mọ́tò tó ń já sí kòtò lójú títì. Ṣùgbọ́n bí dáínámáìtì bá ti dún, ìlà á lọ kan àjà, á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, n kò sì ní mọ bó ṣe tóbi tó. Bí mo bá fà á wálẹ̀ sí 20, ìbúgbàù náà á jáde dáadáa, àmọ́ gbogbo ohun kékeré á rì.

Ni mo bá ní kí n máa gba méjèèjì pa pọ̀. Wáyà méjì jáde lára kọ́ìlì kan náà. Ọ̀kan wọ op-amp (ẹ̀yà kékeré tó ń sọ iná di ńlá) oní-géènì 500: rèsítọ̀ 1 kΩ wà lẹ́nu ọ̀nà ẹsẹ̀ máínọ́sì, 500 kΩ sì ti ìdí rẹ̀ padà wá síwájú. Ìkejì wọ op-amp oní-géènì 20 lọ́nà kan náà: 10 kΩ lẹ́nu ọ̀nà, 200 kΩ padà. Iná 5 V ni wọ́n ń jẹ, ojú àárín wọn sì jẹ́ 2.5 V. Láti ibẹ̀ wọ́n wọ ADS1115, ADC oní-bíìtì 16 (ẹ̀yà tó ń sọ iná di nọ́ńbà), tí mo gbé sí ±2.048 V. Arduino Nano, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ló ń kà á.

Bí mímì bá kéré, méjèèjì bára mu bí ìbejì. Bí mo bá fi 25 sọ ìlà kékeré di púpọ̀, ó máa ń jókòó lé ìlà ńlá lórí gan-an. Ṣùgbọ́n bí ìlà ńlá bá ti kan àjà báyìí, ìlà kékeré náà á yíwọ̀: á ga ju bó ṣe yẹ lọ, á sì yọ èjìká níbi tó yẹ kó ti dán. Ṣebí ìdí tí a fi ń ṣe géènì méjì ni pé kí ohun tó bá ọ̀kan má bá èkejì?

---

Jẹ́nẹ́_Aládùúgbò (Èkó), Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò yín. Ẹ ra ADS1256, ADC oní-bíìtì 24. Géènì kan, ìlà kan, ó parí.

---

Òkè_Mápó, Ajé, 9:02 àárọ̀

Àbúrò, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí mo bá ra òmíràn tán láìmọ ohun tó ṣe èyí, ṣé kò ní ṣe mí bẹ́ẹ̀ lọ́la?

---

Bàbá_Rédíò (Abẹ́òkúta), Ajé, 1:25 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ọmọ Èkó yẹn, kò purọ́. Lórí bébà, bíìtì 24 jẹ́ 144 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohun tó tóbi jù ṣe jìnnà sí èyí tó kéré jù tí ẹ̀rọ lè gbà). Ariwo inú ADC fúnra rẹ̀ á jẹ nínú rẹ̀, bíi 20 tàbí 21 nínú bíìtì náà ló ń ṣẹ́ kù tó wúlò. ADC bíìtì 16 tìrẹ jẹ́ 90 dB láti odo dé àjà. Bí o bá fi 28 dB kún un, ìyẹn ìlọ́po 25 tó wà láàárín géènì rẹ méjèèjì, ó di 118. Wọn ò jìnnà síra wọn. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kó ra bíìtì 24. Ẹni tí ADS1115 ti wà lórí tábìlì rẹ̀, géènì méjì á gbé e débẹ̀.

Ó wá ku ọ̀ràn tìrẹ, Òkè_Mápó. Mo fura sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n n kì í wo àìsàn láìfọwọ́ kan aláìsàn. Wá bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 V kan, rèsítọ̀ 1 MΩ kan, àti 100 kΩ kan. Lóru, nígbà tí àdúgbò bá pa rọ́rọ́, fi bátìrì náà gba inú 1 MΩ kan ojú kọ́ìlì. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí o wá já a lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì ti ti kọ́ìlì kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀. Bí o bá já a, kọ́ìlì á padà sílé, ìpadà-sílé yẹn lo máa rí lórí ìlà. Ṣe é ní ìgbà márùn-ún. Lẹ́yìn náà, fi 100 kΩ ṣe ohun kan náà: ìtì náà á tó ìlọ́po mẹ́wàá ti àkọ́kọ́, láìsí ilẹ̀ tó mì, láìsí dáínámáìtì. Kọ nọ́ńbà téńté ìlà méjèèjì wá fún mi.

---

Òkè_Mápó, Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àánú. Aago méjì òru ni mo ṣe é, ìyàwó mi rò pé olè ló wà lẹ́yìnkùlé.

1 MΩ: ìlà ńlá dé ìṣísẹ̀ 7,650 (ìṣísẹ̀ kan ni ohun tó kéré jù tí ADC lè kà), ìlà kékeré 306. 7,650 pín sí 306 jẹ́ 25 gééré. Ìgbà márààrún kò fi ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ yàtọ̀ síra.

100 kΩ: ìlà ńlá kan àjà ní 32,767, bí mo ṣe retí. Ìlà kékeré, tó yẹ kó jẹ́ bíi 3,060, fi 3,690 hàn mí. Èjìká yẹn sì wà níbẹ̀, bíi ìgbà tí ènìyàn ń gun òkè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá já sórí àtẹ̀gùn tí kò mọ̀ pé ó wà.

---

Bàbá_Rédíò, Ìṣẹ́gun, 11:10 àárọ̀

Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Kọ́ìlì kì í ṣe bátìrì. Folti tó ń yọ gbọ́dọ̀ la 375 Ω ti kọ́ìlì fúnra rẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Rèsítọ̀ 1 kΩ àti 10 kΩ tí o fi sẹ́nu ọ̀nà op-amp méjèèjì, ẹrù ni wọ́n jẹ́ lójú kọ́ìlì. Bí wọ́n ṣe wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àpapọ̀ wọn jẹ́ 909 Ω. Nítorí náà, nínú ọgọ́rùn-ún tí kọ́ìlì bá pèsè, 71 ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ. Kò burú, bí 71 náà bá dúró ní 71.

Kò dúró, ìyẹn ni wàhálà rẹ. Nígbà tí op-amp bá ń ṣiṣẹ́, ó ń di ẹsẹ̀ máínọ́sì rẹ̀ mú gbọn-in ní 2.5 V, bíi pé 1 kΩ yẹn parí síbẹ̀. Bí ó bá kan àjà, agbára rẹ̀ ti tán, ó ti jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ náà. Lójú kọ́ìlì, 1 kΩ wá di 1 kΩ pẹ̀lú 500 kΩ tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹrù já kúrò lórí. Nínú ọgọ́rùn-ún, 96 ló ń wọlé báyìí, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ bá op-amp kékeré. 96 sí 71, ìyẹn ìlọ́po 1.36. Ibi tí ìyípadà yẹn ti ṣẹlẹ̀ ni èjìká tí o rí. Bí ẹni méjì bá jọ ru ìtí igi, tí ọ̀kan ju tirẹ̀ sílẹ̀ lójijì, èjìká èkejì ló máa sọ.

Èyí tó tún burú jù ni ọ̀ràn ìjánu. Ohun tí mo ń pè ní ìjánu ni ohun tí kì í jẹ́ kí kọ́ìlì máa fì síwá sẹ́yìn lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti dákẹ́. Lára jíófóònù, apá kan ìjánu yẹn ń ti inú iná tó ń ṣàn gba rèsítọ̀ tó wà lójú kọ́ìlì wá. Bí 1 kΩ bá já, ìjánu tú. Àní ní ìgbà tí ilẹ̀ ń mì jù lọ ni o ń tú ìjánu ẹṣin rẹ. Nítorí náà, má rò pé o lè fi 1.36 pín nọ́ńbà náà kí o sì máa lọ, ìrísí ìgbì fúnra rẹ̀ ti yí padà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Mú 1 kΩ kan ṣoṣo, so ó tààrà kọjá ojú kọ́ìlì, kó máa gbé ibẹ̀ títí. Op-amp àkọ́kọ́ ni kó gba ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀sì wọlé, nítorí ẹsẹ̀ yẹn kì í fa nǹkan kan tó ṣe é rí lára kọ́ìlì. Fi 10 kΩ àti 190 kΩ sí i (180 àti 10 ní títẹ̀léra), ó di 20. Ibẹ̀ ni géènì kékeré ti jáde. Láti ibẹ̀ náà ni kó ti wọ op-amp kejì, tòun náà ní ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀sì, 10 kΩ àti 240 kΩ, ìyẹn 25. 20 lọ́nà 25 jẹ́ 500. Ibẹ̀ ni géènì ńlá ti jáde. Bí ìkejì bá kan àjà, kí ó kàn án: ẹnu op-amp àkọ́kọ́ ló ń jẹun, kì í ṣe ẹnu kọ́ìlì. Ẹnu op-amp sì le, kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Má fi kàpásítọ̀ sáàárín méjèèjì o. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa dá a lábàá. Bí ìlà ńlá bá kan àjà, kàpásítọ̀ náà á gba iná sára, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá sì ti dákẹ́, ìlà á máa rọ́ padà sí odo díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi ìnáwó.

---

Ọmọ_Àkúrẹ́, Ìṣẹ́gun, 12:03 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣé op-amp LM358 lè ṣe é? Ìyẹn ló pọ̀ lọ́jà tó sì rọ̀ wá lọ́rùn. Mo ti fi ṣe tèmi ṣùgbọ́n ìlà géènì ńlá mi kì í dúró ní àárín, ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkè.

---

Bàbá_Rédíò, Ìṣẹ́gun, 12:31 ọ̀sán

LM358 dára fún iná ìta àti ìlẹ̀kùn aládàáṣe. Láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, àṣìṣe bíi 2 tàbí 3 mV máa ń wà láti ilé iṣẹ́. Sọ 3 mV di ìlọ́po 500: 1.5 V. O kò tíì rí ilẹ̀ kankan, ó ti jẹ púpọ̀ nínú àyè rẹ tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tó bá ń jẹ 5 V, kì í lè gòkè kọjá nǹkan bíi 3.5 V. Wá èyí tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe, bíi OPA2333: méjì wà nínú ilé kan, àṣìṣe rẹ̀ kì í kọjá 10 µV. Ní ìlọ́po 500, 5 mV péré nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ní a kò nílò kàpásítọ̀.

---

Ìyá_Àdùkẹ́ (Leeds), Ìṣẹ́gun, 7:48 alẹ́

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un fún Òkè_Mápó, nítorí mo ti jìyà irú rẹ̀ rí lọ́nà mìíràn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ tún ìdánwò bátìrì ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹ wo ìfì kejì. Kọ́ìlì á kọ́kọ́ fì lọ sí ìhà kan, á sì fì padà díẹ̀ sí ìhà kejì. Bí ìjánu bá wà ní 0.7, ìyẹn ibi tó yẹ kó wà, ìfì kejì kò ní ju ìdá kan nínú ogún ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá ka ìfì mẹ́ta, mẹ́rin, ìjánu kéré, ẹ dín rèsítọ̀ ojú kọ́ìlì kù. Bí kò bá fì padà rárá tó kàn ń wọ́ bọ̀, ó pọ̀ jù.

Ohun kejì: ẹ má ṣe jẹ́ kí Arduino yan géènì fún yín. Ohun tí mo ṣe nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńdúlọ̀mù tó ń fì sí ẹ̀gbẹ́ ni tèmi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Lehman, tó ń fì bí ilẹ̀kùn ọgbà, ìfì kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú àáyá. Mo kọ ètò tó ń dín géènì kù fúnra rẹ̀ bí ìgbì bá ti ga. Inú mi dùn, mo rò pé mo gbọ́n. Gbogbo ìgbà tó bá yí géènì, ìlà á fò, ìfò náà á sì mi lọ mi bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìmìtìtì ilẹ̀ gan-an. Odidi ọdún kan ni mo fi kó ohun tí n kò lè lò jọ. Lónìí, méjèèjì ni mo ń gbà ní gbogbo ìgbà, mo sì ń tọ́jú wọn bí wọ́n ṣe wá. Bí mo bá fẹ́ wo ọ̀kan, ìgbà yẹn ni mo tó ń fi ObsPy (ètò kọ̀ǹpútà fún ìgbì ilẹ̀) lẹ̀ wọ́n pọ̀: níbi tí ìlà ńlá bá ti kan àjà, mo ń fi ìlà kékeré lọ́nà 25 dí ihò rẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń pe orúkọ wọn tún wà. Nínú ìlànà SEED tí àwọn onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ń lò káàkiri ayé, lẹ́tà mẹ́ta ni orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà ìkejì ló ń sọ ẹ̀yà ẹ̀rọ: H ni géènì ńlá, L ni géènì kékeré. Lẹ́tà ìkẹta ni ìhà, Z sì ni òkè-sódò. Jíófóònù bíi tiyín, bí ẹ bá ń kà á nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá, EHZ àti ELZ ni. Bí ó bá jẹ́ 50, SHZ àti SLZ. Ẹ fi sí i láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá gba fáìlì yín ní Jámánì tàbí Japan á mọ èyí tó jẹ́ èwo láìbi yín.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo èyí bí ẹ bá ń kánjú. Ìgbì Òkun Àtìláńtíìkì tó ń lu etíkun máa ń kún ìlà mi ní ìgbà òtútù, ìfì 4 sí 8 ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń fì ní 26 ìṣẹ́jú àáyá, láìdáwọ́ dúró, láti ìhà Gulf of Guinea lọ́hùn-ún ní ilé wa. Jack Oliver ti kọ̀wé nípa ìgbì bẹ́ẹ̀ láti 1962. Jíófóònù 4.5 Hz kò lè gbọ́ ọ láéláé, inú mi sì máa ń dùn pé ní Leeds, bí mo bá kó ọ̀pọ̀ wákàtí jọ tí mo sì ṣírò, ohun tó yọ ni ilé.)

---

Ọmọ_Àkúrẹ́, Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀

Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé Bàbá. Jíófíísíìsì ni mò ń kà. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì ní Mpape l'Ábújá ní September 2018 ni mo ti fẹ́ ní tèmi. Àwọn àgbà ilé wa náà sì máa ń sọ ti Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984.

Mo ní ìbéèrè kan tó jọ ti Òkè_Mápó. Mo máa ń rí ìgbì kan lórí géènì ńlá, tó dán, tó gún régé, ó ń fì ní bíi ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Aago méje alẹ́ ló máa ń dé, ó máa ń lọ ní bíi mọ́kànlá. Mo ti ń kọ àkókò rẹ̀ sínú ìwé, mo rò pé mo ti rí nǹkan. Ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá ni mo ń kà á.

---

Ìyá_Àdùkẹ́, Ọjọ́rú, 7:05 àárọ̀

Àbúrò mi, aago mélòó ni NEPA máa ń mú iná lọ ní àdúgbò yín?

---

Ọmọ_Àkúrẹ́, Ọjọ́rú, 7:09 àárọ̀

Háà.

---

Ìyá_Àdùkẹ́, Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Jẹ́nẹ́ kékeré ń yí ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ara rẹ̀ ń mi ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, iná rẹ̀ náà ń fì bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́, á sáré díẹ̀ sí i, bíi 52. Ẹ̀yin sì ń yọjú wò ó nígbà 50. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọjú, ó ti yí kọjá ibi tí ẹ fi í sí díẹ̀. 52 yọ 50 kúrò, ó ku 2. Ìgbì 2 Hz tí ẹ rí kò sí nínú ilẹ̀, ìyọjú yín ló dá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà ọkọ̀ ṣe máa ń dà bíi pé ó ń yí sẹ́yìn nínú fíìmù.

Ó wà lórí géènì kékeré náà o, ó kàn kéré ju ìṣísẹ̀ kan lọ ni. Kí ADC tó gbà á ni ẹ ti gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ: 10 kΩ àti kàpásítọ̀ 1 µF lẹ́nu ADC, ohun tó bá kọjá nǹkan bíi 16 Hz á máa rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ ọgbọọgba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà méjèèjì kò ní bára mu mọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kàpásítọ̀ tí Bàbá kọ̀, ti àárín op-amp méjèèjì ni. Èyí kò sí lára rẹ̀. Bí Arduino yín bá lè ka ìgbà 200 kó sì pín in sí àròpín mẹ́rin-mẹ́rin, ó tún dára sí i.

---

Jẹ́nẹ́_Aládùúgbò, Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀

Mo ń wo bí ẹ ṣe ń tú orúkọ mi ká níta gbangba.

---

Òkè_Mápó, Ọjọ́bọ̀, 10:40 alẹ́

Mo ti tún un lẹ̀ bí Bàbá ṣe wí. Ṣùgbọ́n ìṣòro tuntun dé. Èjìká ti lọ, àmọ́ òjìji ìlà ńlá ń yọ lórí ìlà kékeré: bí ìlà ńlá bá kan àjà, ìlà kékeré máa ń sọ ẹ̀gún kan sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìkà kan ṣoṣo, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 32,767 gan-an. Mo ti yẹ gbogbo ibi tí mo ti lẹ̀ wáyà pọ̀ wò.

---

Ọmọ_Àkúrẹ́, Ọjọ́bọ̀, 10:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, èyí mo mọ̀ ọ́n, ó ti jẹ mí níyà. Inú ètò yín ló wà, kò sí nínú wáyà. ADS1115 ní ADC kan ṣoṣo, ẹnu mẹ́rin ló ń pín in lò. Ẹ ní kó lọ ka ẹnu géènì kékeré, ẹ wá ka èsì kó tó ṣe tán. Èsì tó wà nínú àpótí rẹ̀ nígbà yẹn ni ti géènì ńlá tó kà kẹ́yìn. Ní iyára rẹ̀ tó ga jù, 860 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìkà kan ń gba bíi 1.2 mílísẹ́kọ́ńdì. Ẹ dúró dè é, tàbí kí ẹ máa bi í bóyá ó ti parí kí ẹ tó gbà á.

Ìyẹn náà túmọ̀ sí pé ìlà kékeré ń fi 1.2 mílísẹ́kọ́ńdì kẹ́yìn ìlà ńlá. Kò tó nǹkan fún ìgbì 5 Hz, ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

---

Òkè_Mápó, Ọjọ́bọ̀, 11:31 alẹ́

Ó ti lọ! Àbúrò, o ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwé rẹ yọrí. Mo fi 2 mílísẹ́kọ́ńdì sí i, ẹ̀gún pòórá.

---

Bàbá_Rédíò, Ẹtì, 7:15 àárọ̀

Ọmọ Àkúrẹ́ gba oókan. Òkè_Mápó, kí o tó lọ dúró de dáínámáìtì, ṣírò àjà rẹ sílẹ̀ kí o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. 1 kΩ lójú kọ́ìlì 375 Ω ti sọ 28.8 V di nǹkan bíi 21 V fún mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Géènì ńlá á kan àjà bí ilẹ̀ bá ń sáré 0.2 mm/s, ìṣísẹ̀ kan rẹ̀ sì jẹ́ bíi mílíọ̀nù mẹ́fà nínú bílíọ̀nù kan mm. Rárá, mo ṣì í: nánómítà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá ni, ẹ dárí jì mí, n kò tíì mu tíì. Géènì kékeré á kan àjà ní bíi 5 mm/s, ìṣísẹ̀ kan rẹ̀ jẹ́ 0.15 µm/s. Ohun tó bá mi ọ kọjá 5 mm/s, má dúró wo kọ̀ǹpútà, sá jáde.

---

Jẹ́nẹ́_Aládùúgbò, Ẹtì, 9:00 àárọ̀

Bàbá, tí ènìyàn bá wá fẹ́ èyí tó ju 5 mm/s lọ ńkọ́? Géènì kẹta?

---

Ìyá_Àdùkẹ́, Ẹtì, 12:44 ọ̀sán

Rárá. Bí a bá ń dín géènì kù lọ bẹ́ẹ̀, a máa dé ibi tí kọ́ìlì fúnra rẹ̀ á ti máa fi orí gbá òkè ilé rẹ̀. Nínú jíófóònù bẹ́ẹ̀, bíi mílímítà díẹ̀ ni àyè tó ní láti rìn. Àṣeyọrí ampilifáyà kankan kò lè gba ohun tí kọ́ìlì kò lè sọ. Ẹ̀yà ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ń fi síbẹ̀, àwọn sẹ́ńsọ̀ kéékèèké oní-MEMS tó ń wọn ìsáré-kún-sáré. Raspberry Shake 4D tí àwọn kan ń rà ní jíófóònù kan fún ohun kékeré àti MEMS mẹ́ta fún ohun ńlá nínú àpótí kan náà. Èrò kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀ dípò géènì méjì.

---

Òkè_Mápó, Àbámẹ́ta, 6:35 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìnáwó òpin ọ̀sẹ̀ o. Èsì dé.

Ìdánwò bátìrì lánàá òru (ìyàwó mi ti mọ̀ báyìí, òun ló mú tọ́ọ̀ṣì dání). 1 MΩ: 7,640 àti 306. 100 kΩ: 32,767 àti 3,058. Ìlọ́po mẹ́wàá gan-an, kò sí èjìká. Ìfì kejì jẹ́ 150 sí 3,058, bíi ìdá kan nínú ogún tí Ìyá Àdùkẹ́ sọ.

Lónìí ní 1:17 ọ̀sán wọ́n yin dáínámáìtì. EHZ kan àjà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀, ó sì padà wálẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, kò wọ́. ELZ gba gbogbo rẹ̀ láìgé: téńté rẹ̀ jẹ́ 6,020, ìyẹn 0.9 mm/s. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mo rí i pé ìbúgbàù kan kọ́ ni wọ́n máa ń ṣe. Mẹ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì wéréwéré, mo sì lè fi ìka kà wọ́n lórí ìlà kékeré. Lórí ìlà ńlá, tábìlì pẹrẹsẹ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Ìgbì kékeré kan yọ lórí EHZ, téńté rẹ̀ kò ju 180 lọ. Lórí ELZ, ìṣísẹ̀ méje péré, ẹni tí kò bá wá a kò ní rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ tìdákẹ́-tìdákẹ́, apá tó tóbi sì dé lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Bí mo bá ní kí apá àkọ́kọ́ máa sáré kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá, kí ìkejì máa sáré 3.5, ó jìnnà sí mi tó nǹkan bíi kìlómítà 34. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ó ní, "Ah, àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ilé wa ni. Ta ló sọ fún ẹ?"

---

Bàbá_Rédíò, Àbámẹ́ta, 7:02 alẹ́

Gbé àwòrán ìlà méjèèjì wá, kí a rí mẹ́fà yẹn.

---

Òkè_Mápó, Àbámẹ́ta, 7:04 alẹ́

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ ni, Bàbá. Fóònù ni mo fi ń kọ èyí. Bátìrì ló gbé sísímómítà náà dúró, òun ṣì ń gbà á lọ lẹ́yìnkùlé. Kọ̀ǹpútà ni ó di àárọ̀.

---

Ọmọ_Àkúrẹ́, Àbámẹ́ta, 7:06 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo 2 Hz lórí EHZ bí aládùúgbò bá ti tan jẹ́nẹ́ rẹ̀, kí a mọ̀ bóyá kàpásítọ̀ 1 µF tó.